Ta Ló Ní Àṣẹ Láti Dí Títì?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹ̀ka wa sọ níbi ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti iṣẹ́ òru dé tí oorun ṣì wà lójú yín, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi èrò ọ̀sán sílẹ̀ ní gáréèjì nítorí ìpàdé yìí, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ ojú títì ni. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò tíì dúró lẹ́yìn kánópì rí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, tí èrò 18 wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, tí eléré ń kọrin níwájú, tí ẹnikẹ́ni kò sì bojú wẹ̀yìn wò ó.

Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀sùn ti ń dé iwájú ìgbìmọ̀ wa. Awakọ̀ tírélà kan tó kó iṣu bọ̀ láti ìhà Ṣakí sùn mọ́jú lẹ́yìn ìnáwó ìgbéyàwó. Nígbà tí yóò fi dé Ìbàdàn, ọjà ti tú, oníṣu kò sì san iye tí wọ́n jọ sọ fún un. Àwọn obìnrin kan nínú wa pẹ́ dé ilé iṣẹ́ nítorí pé wọ́n dí ọ̀nà mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n yọ nínú owó wọn. Kò sí ẹni tó yọ nínú owó onínàáwó.

Ti aboyún ló dùn wá jù. Ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn wa yìí, tí a kò ní dárúkọ, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa gbé obìnrin tó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn. Ó bá òkú àgbà tí wọ́n ń ṣe lójú títì. Wọ́n ti fi àga dí ìhín, wọ́n fi ọkọ̀ dí ọ̀hún. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún onínàáwó. Onínàáwó ní òun ti san owó títì. Ta lo san án fún? Kò mọ orúkọ ẹni náà. Ìwé rẹ̀ dà? Kò sí ìwé. Àwọn alásè ló ṣàánú, tí wọ́n wọ́ ìkòkò sẹ́yìn, tí wọ́n fi di obìnrin náà mú gba àárín àwo ìrẹsì kọjá, tí ọ̀kadà kan sì gbé e dé ibi tó ń lọ. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá là, ọmọ là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má máa fi gbogbo nǹkan lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nígbà tí káńsù wà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má náwó. Ta ni nínú wa tí kò tíì jẹun lábẹ́ kánópì lójú títì? Ìnáwó náà ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìlú aṣọ òkè ni a wà yìí. Ẹ bọ́ sí àdúgbò, ẹ ó rí àwọn ahunṣọ níbi tí wọ́n ti tẹ́ òwú wọn gùn jáde níwájú òfì. Bí kò bá sí ìgbéyàwó, bí kò bá sí ìsìnkú àgbà, ta ni yóò wá ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ wọn? Àwọn awakọ̀ wa ló ń kó àlejò wá láti Èkó àti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn náà ló ń kó wọn padà lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ń fi kánópì àti àga háyà, alásè, eléré, onílù, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni gbogbo wọn. Ilé wa náà kò sì ní àgbàlá ńlá mọ́ bíi ti àtijọ́. Agboolé ti di yàrá yàrá, owó gbọ̀ngàn sì ti kọjá ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù lè san. Níbo ni kí ó kó àlejò rẹ̀ sí bí kò ṣe iwájú ilé, iwájú ilé náà sì ni títì.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ ń bèèrè kò ju mẹ́ta lọ. Ta ló fún ọ láṣẹ? Títí di aago mélòó? Ibo ni kí àwa gbà?

Àwọn baba wa mọ ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ayé òyìnbó ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dí ọ̀nà. Bí ọdún ìlú bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ààfin ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Akéde á lu agogo ní ọjà àti ní àdúgbò lálẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ti oko dé, á sọ ọjọ́, á sọ ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbà. Ibi tí wọ́n bá dí, wọ́n á ta màrìwò sí i, kí àlejò tí kò gbọ́ agogo lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò sí baálé kan tó jẹ́ jí lówùúrọ̀ kí ó dá dí ọ̀nà tó la ìlú já láìjẹ́ pé ọba gbọ́. Lóde òní ńkọ́? Ènìyàn á kàn jí lówùúrọ̀ Sátidé, á fa taya, bẹ́ńṣì àti ẹ̀ka igi sójú títì, ó parí. Bí o bá bi í, á ní ṣé ìwọ kò ní náwó tìrẹ ni?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti òfin, nítorí pé àwọn kan nínú wa rò pé ọlọ́pàá ló ń fúnni ní títì, àwọn mìíràn sì rò pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà ní àdúgbò ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ni. Àtúntò ti 1976 ló sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìjọba kẹta ní ilẹ̀ yìí, tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé Òfin ti 1999 sì ka àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú Àfikún Kẹrin. Ó ka ṣíṣe títì àti òpópónà àti títọ́jú wọn, iná ojú títì, gọ́tà, gbàgede ìlú, fífún títì lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Ó tún ka ọjà, ilé ìpẹran àti gáréèjì ọkọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rí i pé títì àti gáréèjì wà lọ́wọ́ ẹni kan náà. Ẹni tó ń gba owó gáréèjì lọ́wọ́ wa ni kí a bi léèrè nígbà tí ọ̀nà gáréèjì bá dí.

Ṣùgbọ́n òfin tó dárúkọ ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an ni Òfin No. 21 tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ṣe ní 1998, lórí owó orí àti owó mìíràn tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ó pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Ti ìbílẹ̀ jẹ́ oríṣi 20. Níbi tí wọ́n ti ń ka owó ìsọ̀, owó ọjà, owó gáréèjì, owó kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, ẹ ó bá ọ̀kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní owó àríyá àti dídí ọ̀nà. Nígbà tí akọ̀wé wa kà á sétí ìgbìmọ̀, ẹ̀rín pa wá. Àṣé òfin mọ̀ pé Yorùbá ń ṣe àríyá! Ṣùgbọ́n nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, a rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dídí títì nítorí ìnáwó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí àṣẹ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ tún ni pé káńsù nìkan ló lè gba owó rẹ̀, kì í ṣe ọmọ àdúgbò, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó wọ fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú. Owó tí káńsù bá sì gbà, àpò káńsù ló ń lọ, rísíìtì gbọ́dọ̀ wà fún un.

Òfin kan náà sọ ohun kan tí gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ agbowó-orí ìjọba fúnra rẹ̀, tó gbọdọ̀ gbé igi dínà níbikíbi ní ilẹ̀ yìí láti fi gba owó orí tàbí owó mìíràn. Ìyà ẹni tó bá ṣe é ni ìtanràn 50,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn: ẹ̀wọ̀n ọdún 3. A sì ti rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti na okùn sí ẹnu ọ̀nà àríyá, tí wọ́n ní kí awakọ̀ mú owó wá kí àwọn tó ká okùn. Wọ́n ti dínà mọ́ ọ, wọ́n tún ń ta ọ̀nà fún ọ. Ìjọba àpapọ̀ tún òfin owó orí tò ní 2025, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ yóò sì gbé ti àtijọ́ àti ti titun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìwé wa tó dé káńsù. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tó gbọ́ níhìn-ín bá ọlọ́pàá tàbí ọmọ àdúgbò jà lójú títì. Gba orúkọ, kọ ibi àti aago sílẹ̀, mú un wá.

Ààlà wà fún àṣẹ káńsù náà. Títì tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìbílẹ̀ wà. Títì láti Mọ́níyà wá sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló tún un ṣe láyé Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Kì í ṣe ohun tí alága ìjọba ìbílẹ̀ kan lè dá dí nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí. Òpópónà inú àdúgbò, èyí tó ya lọ sí ilé Lágbájá, òun ni ti káńsù. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ju ti Ìbàdàn lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn, títì ńlá kan ló máa ń la ìlú já, tí ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, bánkì àti gáréèjì sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá dí i, o kò dí àdúgbò kan. O ti dí Ṣakí mọ́ Ìsẹ́yìn, o ti dí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti màlúù mọ́ ọjà. Tírélà kò mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, bí ó bá sì gba ibẹ̀, gọ́tà káńsù ni yóò bà jẹ́.

Kí àwọn alága wa má sì sọ fún wa pé agbára kò sí lọ́wọ́ àwọn. A dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ẹni tó ń fẹ́ kí owó rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ṣe òfin kan láti 1847, nígbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀, tó fún àṣẹ ìlú ní agbára láti sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà nígbà ìwọ́de, nígbà ìdùnnú ìlú àti nígbà iná àṣeyẹ. Títí dòní ni àwọn káńsù wọn ń lò ó fún àríyá àdúgbò. Ní 1994 wọ́n fi òmíràn kún un. Títì tí wọ́n bá dí lábẹ́ èyí nítorí eré ìdárayá tàbí àríyá kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 3, wọn kò sì gbọdọ̀ dí títì kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún láìjẹ́ pé mínísítà fọwọ́ sí i. Kí káńsù tó fọwọ́ sí ìwé, ó gbọ́dọ̀ ro ti ọ̀nà mìíràn tí ọkọ̀ yóò gbà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóḿbíà, láti 1974 ni wọ́n ti ń yọ ọkọ̀ kúrò lójú àwọn títì kan lọ́jọ́ Àìkú, tó ti lé ní kìlómítà 100 báyìí, láti aago 7 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lè ráyè. Èkó tiwa náà ńkọ́? Bí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, bíi ti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2017, ọkọ̀ kì í gba títì láti ìdí afárá Carter dé gbàgede Tinúubú. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé. Awakọ̀ tó bá mọ ọjọ́ àti aago lè ṣètò ara rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ni yóò dé ẹnu okùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá onínàáwó.

Níbi tí a dé yìí, ẹ fara balẹ̀, nítorí pé nínú ìgbìmọ̀ gan-an ẹnu wa kò kọ́kọ́ kò. Àwọn kan ní kí a kúkú rọ káńsù kí ó fòfin de gbogbo rẹ̀, kánópì kan kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ rọra o. Ẹni tí ẹ bá fún ní idà láti fi lé ìyàwó tuntun kúrò lójú títì, idà kan náà ni yóò fi dúró dè yín ní Ọjọ́ Òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kún fún ọgbọ́n ni. Ẹ rántí pé ìjọba PRP ní Kánò ló kọ́kọ́ sọ ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún di ọjọ́ ìsinmi ní 1980, kí ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di ti gbogbo ilẹ̀ yìí ní 1981. Nígbà náà, òfin kan ti wà láti 1979 tó ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìwọ́de tàbí ìpàdé gbangba kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ìwé àṣẹ yìí fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò lọ́rùn. Ní 2007 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP bá ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe, sọ pé ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún ìwọ́de kò bá Ìwé Òfin mu. Orí 40 Ìwé Òfin ti 1999 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. A kò ní fi ọwọ́ ara wa dá ohun tí ilé ẹjọ́ ti wó padà.

Ará Ìsẹ́yìn àti Òkèihò kò tilẹ̀ nílò kí a kọ́ wọn ní èyí. Ní 1916 ni àwọn baba wọn dìde sí ìjọba òyìnbó nítorí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ àti àṣẹ tí wọ́n gbé ka orí wọn láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ìbọn pa iná ìrúkèrúdò náà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Káńsù tó bá fẹ́ máa pàṣẹ lórí títì, kí ó máa bá àwọn tó ń lo títì sọ̀rọ̀.

Nítorí náà a ya ìwọ́de àti àríyá sọ́tọ̀ nínú ìwé tí a kọ. Ìwọ́de ń kọjá lọ, bí ó bá pẹ́ jù, wákàtí kan, ọkọ̀ á tún máa lọ. Kánópì jókòó ni. Fún ìwọ́de, àwa yóò fi tó káńsù àti ọlọ́pàá létí kí wọ́n lè darí ọkọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní tọrọ àyè. Fún àríyá, àyè ni kí gbogbo ènìyàn tọrọ, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, àti alága káńsù fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ń sin bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Orò gbẹgẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní fò ó. Nínú ẹgbẹ́ yìí, mùsùlùmí ń san owó ẹgbẹ́, onígbàgbọ́ ń san án, oníṣẹ̀ṣe ń san án, nítorí náà a kò ní jókòó níhìn-ín máa bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Kí a má sì dá Orò nìkan lẹ́jọ́. Wáásí Ramadan ń dí títì, ìsọjí ń dí títì, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò ń dí títì. Ohun tó mú ti Orò yàtọ̀ ni pé obìnrin ló dí ọ̀nà mọ́. Ìwé Òfin, orí 41, ní gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ló ní ẹ̀tọ́ láti rìn, kò sì pín in sí ọkùnrin àti obìnrin. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní aago 10 alẹ́, ibo ni kí ó gbà délé? Ṣé kí ó sá fún ilé iṣẹ́ kí wọ́n lé e, àbí kí ó sá fún Orò kí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́? Èrò wa ni pé kí àwọn àgbà sọ alẹ́ àti wákàtí náà fún káńsù ní kùtùkùtù, kí káńsù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, kí ilé iṣẹ́ yí iṣẹ́ àwọn obìnrin sí ọ̀sán, tàbí kí ó pèsè ibi tí wọn yóò sùn, kí ó sì san owó òru fún wọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ káńsù nìkan. A ti kọ ọ́ sínú ohun tí a fẹ́ bá àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó lé lórí, àwọn ìyá wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ ló sì kọ ọ́.

Ti ewu náà wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú títì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988. Ọmọ ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ronú báyìí kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí yóò ta kánópì sí kọ́nà lóru láìsí àmì, láìsí iná. Tírélà tó rù ẹrù kì í dúró lójú ẹsẹ̀ bí kẹ̀kẹ́. Bí búrẹ́kì bá kọ̀, àwọn ọmọdé tó ń jó níwájú eléré ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ohun tí a kọ sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó wà ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí, nìyí. Kí ẹni tó bá fẹ́ dí títì kọ̀wé sí káńsù ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Kí ìwé tí wọ́n bá fún un sọ orúkọ títì náà, aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti aago tí yóò parí, kí ó sì sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà. Kí wọ́n so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ òpó kánópì àkọ́kọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Kí ẹ̀dà mìíràn dé gáréèjì, àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn, kí akéde àti rédíò sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí káńsù má fún ènìyàn méjì ní ọ̀nà méjì tó jọ wọ ibì kan náà lọ́jọ́ kan. Kí ó má fọwọ́ sí dídí ọ̀nà ilé ìwòsàn rárá, ìbáà jẹ́ fún ọba. Níbikíbi tí ààyè bá gbà á, kí ìwọ̀n tí ọkọ̀ kan lè gbà kọjá ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ kánópì. Níbi tí ààyè kò bá sí, àga ṣíṣí nìkan ni kí wọ́n tò sí àárín, èyí tí ènìyàn méjì lè gbé kúrò kíákíá fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn. Kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n tì pa tí awakọ̀ rẹ̀ ti lọ jókòó sídìí ọtí.

Iye owó náà, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri káńsù. Lórí èyí a bá ara wa jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní kí owó náà ga kí àwọn ènìyàn lè dín dídí títì kù. Ìgbìmọ̀ kò gbà. Bí ó bá ga, olówó nìkan ni yóò máa dí títì lábẹ́ òfin, opó tó fẹ́ sin ọkọ rẹ̀ yóò sì padà sọ́dọ̀ ọmọ àdúgbò tó ń gba owó ẹ̀yìn. Kí ó kéré, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n fi sanwó fún ẹni tí yóò dúró ní oríta láti darí ọkọ̀, àti fún àwọn tí yóò gbá ojú títì lọ́jọ́ kejì.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí awakọ̀ bá rí ìwé lára òpó, tí aago kò tíì kọjá, kí ó yà sí ọ̀nà tí wọ́n sọ, kí ó má fọn fèrè mọ́ ọlọ́fọ̀ létí. Bí ó bá sì jẹ́ pé aago ti kọjá, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ tọ́ka sí ìwé náà. Àwọn kọndọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni à ń bá wí jù.

Ìwé náà wà lórí tábìlì akọ̀wé níwájú yín. A ó dìbò lé e lórí lẹ́yìn ìbéèrè, bí ẹ bá sì fọwọ́ sí i, aṣojú mẹ́ta, tí méjì jẹ́ obìnrin, ni yóò gbé e lọ sí káńsù Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Ajé, kí a tó fi ránṣẹ́ sí Ṣakí àti àwọn yòókù. Kí ẹni tó bá ní ìnáwó láàárín oṣù yìí sí oṣù tó ń bọ̀ dìde báyìí, kí ó sọ ọjọ́ àti títì rẹ̀ kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sára pátákó gáréèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ti sọ tirẹ̀: Sátidé kẹta, aago 12 ọ̀sán sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ni kí ọkọ̀ gbà.